Ìsìmáílà àti Rọ́bọ́ọ̀tì Tí Mo Da Òróró Lé Lórí

Ìsìmáílà kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa, kì í sì í ṣe ẹbí mi, àmọ́ tí ẹ bá bi mí pé ta ni mo ṣẹ̀ jù lọ láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, òun ni n ó dárúkọ. Mo fẹ́ sọ irú èèyàn tó jẹ́ fún yín. Ojú ń tì mí o, ṣùgbọ́n ojú ti tì mí débi pé tí n kò bá sọ ọ́, oúnjẹ ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun mi dáadáa.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló dojú kọ ìsọ̀ mi níbí, lójú ọ̀nà Àdó, Ajah. Èmi ń ta òwú, bọ́tìnnì, síìpù àti abẹ́rẹ́ fún àwọn télọ̀. Òun ń tún rédíò, fóònù àti fáànù ṣe. Ọmọ apẹja ni, láti Eleko létí òkun. Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun wà ní kékeré, rédíò kan ṣoṣo ni bàbá òun máa ń gbé sínú ọkọ̀ ojú omi, tí ìgbì bá sì ti lù ú, òun lòun máa ń tú u, òun á fi omi kànga fọ iyọ̀ kúrò lára rẹ̀, òun á sá a sóòrùn, títí tí yóò tún fi sọ̀rọ̀.

"Omi òkun ni ọ̀gá mi àkọ́kọ́, Màmá," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. "Ọ̀gá tó le ni. Kì í ṣàánú wáyà."

Ohun kan wà tó máa ń ṣe tí n kò rí kí ẹlòmíràn ṣe ní gbogbo Ajah yìí. Tó bá tún nǹkan rẹ ṣe tán, ohunkóhun tó bá yọ kúrò nínú rẹ̀, ìbáà ṣe wáyà tó jóná, ìbáà ṣe bátìrì tó ti wú, yóò dì í sínú náílọ́ọ̀nù kékeré, yóò kọ orúkọ rẹ sí bébà, yóò fi í sínú rẹ̀, yóò sì dá a padà fún ọ. Àwọn kan á ní, "Kí ni n ó fi pàǹtí ṣe?" Á ní, "Ẹ máa gbé e lọ. Ẹ lọ sọ ọ́ nù nílé yín. Kẹ́nikẹ́ni má sọ lọ́la pé Ìsìmáílà yọ nǹkan òun." Ẹ̀yin náà mọ ojú tí wọ́n fi ń wo àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Èkó. Náílọ́ọ̀nù yẹn ni ààbò rẹ̀.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí ti ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé lẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Tí mo bá ń sọ ti Dáníẹ́lì, n ó bú ramúramù bíi kìnnìún, àwọn ọmọ á sá sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, ó sì ń dùn mọ́ wa. Àfi lọ́dún tó kọjá tí pásítọ̀ mú Àǹtí Dábírà wá. Olúwadábírà lorúkọ rẹ̀ ní kíkún, ó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Lẹ́kkí, kò sì ju ẹgbẹ́ Dúró ọmọ mi lọ. Rọ́bọ́ọ̀tì márùn-ún ló kó wá nínú páálí.

Ẹ má rò pé ohun tó rí bí èèyàn ni o. Kò ga ju kọ́ọ̀pù tíì lọ. Ó ní táyà lábẹ́, ó ní bọ́tìnnì lẹ́yìn: ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn, ọ̀kan fún ọ̀tún, ọ̀kan fún òsì, pupa kan tí Àǹtí Dábírà nìkan máa ń tẹ̀, àti aláwọ̀ ewé kan tó dà bí ìgbà tí èèyàn bá sọ pé, "Ó yá, máa lọ." Àǹtí Dábírà ya àwòrán ìlú sórí bánà ńlá kan, ó pín in sí ojú-ojú bí ilẹ̀ tí wọ́n fi táìsì tò. Jópà wà ní igun kan, Nínéfè wà lókè, Tàṣíṣì wà ní ìsàlẹ̀, òkun wà láàárín. Àwọn ọmọ á kọ́kọ́ kà á lẹ́nu: ìgbésẹ̀ mẹ́ta síwájú, yà sọ́tùn-ún, ìgbésẹ̀ méjì. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn rọ́bọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀, wọ́n á tẹ aláwọ̀ ewé. Tó bá dé ibi tí Ọlọ́run rán Jónà, wọ́n á ka ẹsẹ Bíbélì tó wà níbẹ̀. Tó bá ṣìnà, wọ́n á jókòó wá ibi tí àwọn fúnra wọn ti ṣì í tẹ̀.

"Ẹ rí i," Àǹtí Dábírà á ní, "ohun tí a bá sọ fún un náà ló ń ṣe. Àwa ńkọ́? Ṣé ohun tí Ọlọ́run sọ fún wa là ń ṣe?"

Mi ò ní parọ́, ó dára. Ó dára débi tó fi bí mi nínú. Àwọn ọmọ tó ń sá fún kìnnìún mi, wọn ò wojú mi mọ́. Mo di ẹni tó ń ká bánà, tó ń ka rọ́bọ́ọ̀tì sínú páálí, tó sì ń gbé wọn lọ gba iná lọ́dọ̀ Ìsìmáílà ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, torí pé òun ló ní sólà. Ọ̀fẹ́ ló ń bá wa ṣe é. "Ti àwọn ọmọdé ni," ló wí.

Ọjọ́ Ìsinmi kan, ara ìyá Àǹtí Dábírà kò yá, ó pè mí lórí fóònù. "Màmá, ẹ ó bá mi dá a ṣe lónìí o. Jónà náà ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ rán an lọ sí Tàṣíṣì, bó ṣe sá. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n rán an lọ sí Nínéfè. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tẹ ti Nínéfè, ẹ tẹ bọ́tìnnì pupa. Ẹ má gbàgbé bọ́tìnnì pupa o, Màmá."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, mo ti gbọ́." N kò bi í pé kí ni pupa yẹn wà fún. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n.

A rán an lọ sí Tàṣíṣì, ó lọ. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. A gbé e padà sí Jópà, mo ní ó yá, Nínéfè. Àdúràọlá, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí orí rẹ̀ pé, kà á dáadáa, ó tẹ̀ ẹ́. Rọ́bọ́ọ̀tì yíjú padà, ó tún ń lọ sí Tàṣíṣì. A gbé e padà sí Jópà, a tún un tẹ̀. Tàṣíṣì. A tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ó tún gba Tàṣíṣì lọ, ó kọjá rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀ lórí bánà, ó ń lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn ọmọ ń pariwo, "Jónà ń sá o! Jónà ń sá!" Ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Àbọ̀ wá ní, "Màmá, ẹ̀mí kan wà nínú ẹ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbà á gbọ́. Ẹ̀rọ tí a rán níṣẹ́ Ọlọ́run, tó ń sá fún Ọlọ́run! Bí mo ṣe fa ìgò òróró àdúrà yọ nínú báàgì mi nìyẹn. Mo ní, "Ìwọ ohun aláìgbọràn, mo pàṣẹ fún ọ!" Mo dà á lé e lórí. Kì í ṣe pé mo ta á sí i díẹ̀ o, mo dà á bí ẹni ń da epo sí ẹ̀wà. Òróró wọ gbogbo ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì. Rọ́bọ́ọ̀tì yí lẹ́ẹ̀kan, ó ní kírírí, iná pupa kan tàn lójú rẹ̀, ó sì dákẹ́.

Àwọn ọmọ ní, "Halelúyà!"

Èmi náà ní halelúyà. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ: èmi náà ní halelúyà.

Nígbà tó di Sátidé, mo gbé wọn lọ sọ́dọ̀ Ìsìmáílà bí ìṣe mi. Ó ní, "Màmá, ọ̀kan kò gbaná." Ó tú u. Ó gbé e súnmọ́ imú.

"Màmá, òróró nìyí."

"Òróró kẹ̀?"

"Ta ló fẹ́ dín rọ́bọ́ọ̀tì?"

Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ tábìlì. Ìgbà tó rí omi lójú mi ló dákẹ́. "Ẹ má bínú, Màmá. Àwọn tiwa náà ti gbé fóònù tí wọ́n da omi Kùránì sí wá rí. Wáyà kò mọ ẹ̀sìn kankan. Kò sí ẹ̀mí níbẹ̀. Ohun tí ẹ kọ́kọ́ rán an ló ń rántí. Bọ́tìnnì pupa ni wọ́n fi ń sọ fún un pé kó gbàgbé."

Mo jókòó sórí àpótí rẹ̀.

Ó ní páànẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀, ibi tí gbogbo wáyà ti pàdé, ti jóná, kí n fi rọ́bọ́ọ̀tì náà sílẹ̀, òun á wá òmíràn ní Ìkẹjà láàárín ọ̀sẹ̀. Mo ní rárá. Tí páálí bá dé ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú mẹ́rin, wọ́n á bi mí léèrè. Mo ní kó dé èèpo ìta rẹ̀ padà, kí wọ́n ṣáà pé márùn-ún. Mo wá bẹ̀ ẹ́.

"Ìsìmáílà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n á ní obìnrin tí kò kàwé ló ba ẹ̀rọ wọn jẹ́. Wọ́n á gba àwọn ọmọ náà lọ́wọ́ mi."

"Mi ò ní sọ, Màmá. Mo ṣèlérí. Àmọ́ ẹ̀yin, ẹ sọ fún àǹtí yín. Ohun tó ṣeé sọ ni."

"N ó sọ fún un."

Ó di páànẹ́ẹ̀lì jíjóná náà, pẹ̀lú bátìrì tó so mọ́ ọn, sínú náílọ́ọ̀nù, ó kọ ọ́ sí bébà bó ṣe máa ń kọ ọ́: Ìyá Dúró. Rọ́bọ́ọ̀tì ṣọ́ọ̀ṣì. Òróró. Mo tì í sí ìsàlẹ̀ báàgì mi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Àǹtí Dábírà gbé rọ́bọ́ọ̀tì náà, ó ní, "Kí ló dé tí èyí fúyẹ́?" Ó tú u níwájú mi. Inú rẹ̀ ṣófo. "Màmá, ta ló tú èyí?"

Ẹnu ni mo fẹ́ là. Mo là á lóòótọ́. Ohun tó jáde ni, "Ọ̀dọ̀ Ìsìmáílà la gbé wọn lọ lánàá."

Kì í ṣe irọ́, àbí? Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tó jẹ́ irọ́. Òun ni irọ́ tó burú jù tí mo pa rí.

Bàbá Díákónì Akínọ̀ṣọ́ wà níbẹ̀. "Ọ̀dọ̀ ta? Ẹni tó ń tún fóònù ṣe yẹn? Ó ti yọ ọ́ tà!" Bí ìsìn ṣe parí báyìí, Bàbá Díákónì kọrí sí ṣọ́ọ̀bù Ìsìmáílà, àwọn àgbà mẹ́rin tẹ̀ lé wọn, èmi náà tẹ̀ lé wọn, àwa pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́rùn. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ dá kẹ̀kẹ́ dúró láti wòran.

Bàbá Díákónì gbé èèpo òfìfo náà sókè. "Ìwọ ọmọkùnrin yìí, nǹkan àwọn ọmọdé! Nǹkan ilé Ọlọ́run! Níbo lo gbé inú ẹ̀ sí?"

Mọ́nsúrátù ìyàwó rẹ̀ sáré jáde. "Ọkọ mi kẹ̀? Ọkọ mi tó ń dá bátìrì jíjóná padà fún olówó ẹ̀! Ẹ béèrè lọ́wọ́ gbogbo àdúgbò!"

"Ó dáa, náílọ́ọ̀nù tiwa dà?"

Ìsìmáílà wò mí. Kò wò mí pẹ́. Ó ní, "Ó ti wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín."

"Ta lẹni náà? Dárúkọ ẹ̀!"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ. Mo di báàgì mọ́ àyà, mo ń gbọ́ bí náílọ́ọ̀nù yẹn ṣe ń ró wọ́ọ́wọ́ọ́ nínú rẹ̀, mo sì dúró síbẹ̀ bí òpó iná.

"Ẹ rí i fúnra yín," Bàbá Díákónì ní, "kò rẹ́ni dárúkọ."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́. Tàjùdéèn oníkẹ̀kẹ́, tí òun àti Ìsìmáílà jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà o, á dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, á ní, "Ìsìmáílà, fóònù mi nìyí, àmọ́ mo ti ka gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ kí n tó gbé e wá o!" Òmíràn á ní, "Jọ̀ọ́, má sún mọ́ mi, kó o má lọ yọ kídìnrín mi." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ní ìsàlẹ̀. Láti ìsọ̀ mi ni mo ti ń rí i. Nígbà mìíràn, láti àárọ̀ títí wọ́n á fi pe ìrun ọ̀sán, á máa nu àwọn irinṣẹ́ tó ti nù mọ́ tẹ́lẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń kí mi. "Ẹ káàárọ̀, Màmá." Kò fi nǹkan kan kún un.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń dáhùn "ẹ káàárọ̀" yẹn.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Mọ́nsúrátù wá ra síìpù lọ́wọ́ mi. Ó fara ti ìsọ̀ mi bí ọmọ tó fara ti ìyá rẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ọn. Ó mọ ẹni tí náílọ́ọ̀nù yẹn wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní kó dárúkọ ẹni náà, ó ní òun ti ṣèlérí. Irú èèyàn wo ni wọ́n ń ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ fún, tó ń wò ó báyìí tí kò sọ̀rọ̀?"

Mo ní, "Máa lọ, n ó bá a sọ ọ́." Mo fi síìpù méjì lé e lọ́wọ́ dípò ọ̀kan. Síìpù! Bí ẹni pé síìpù lè dí ibi tí mo fà ya.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo lọ bá Àǹtí Dábírà, mo sọ ọ́. Ó wá ní, "Màmá, ti rọ́bọ́ọ̀tì kọ́ ló dùn mí. Rọ́bọ́ọ̀tì á bàjẹ́, a ó ra òmíràn. Kí ló dé tí ẹ ò lè sọ fún mi?"

Mo ní, "Ojú ń tì mí lójú yín ni. Ẹ̀yin kàwé."

Ó bú sẹ́kún. Èmi ni mo tún wá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

A jọ lọ bá Bàbá Díákónì. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká fi ọgbọ́n ṣe é. A ó ránṣẹ́ pè é, a ó bẹ̀ ẹ́ nínú ọ́fíìsì. Kò yẹ kó di ariwo. Orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì ni."

"Bàbá, gbangba la ti bú u."

"Ìyá Dúró, ẹ gbọ́ mi."

"Gbangba la ti bú u, sà. Ojú títì la ti ń bẹ ẹni tí a bú ní títì."

Wọ́n ní tí mo bá fẹ́ lọ, kí n lọ lórúkọ ara mi, kì í ṣe tiwọn. Mo ní ó dáa, orúkọ tèmi ló wà lórí bébà náà.

Sátidé, aago mẹ́wàá, ìgbà tí kẹ̀kẹ́ máa ń pọ̀ jù. Mo sọdá títì. Mo kúnlẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lórí yanrìn, èmi tí mo lè bí i. Mo fa náílọ́ọ̀nù yọ, mo gbé e sókè, mo ka bébà náà sókè bí mo ṣe ń ka Bíbélì fún àwọn ọmọ: "Ìyá Dúró. Rọ́bọ́ọ̀tì ṣọ́ọ̀ṣì. Òróró. Èmi ni Ìyá Dúró. Èmi ni mo da òróró sí i tó fi jóná. Ìsìmáílà kò yọ nǹkan kan tà. Ó dá a padà fún mi lọ́jọ́ náà gan-an, mo gbé e pamọ́, mo sì dúró tí wọ́n ń pè é lólè."

Tàjùdéèn ló kọ́kọ́ lanu. "Òróró? Ìyá, ẹ ṣe àdúrà fún rọ́bọ́ọ̀tì?" Ẹ̀rín bú. Ẹnì kan ní, "Ẹ bá mi da díẹ̀ sí kẹ̀kẹ́ mi, òun náà kì í gbọ́ràn!" Mo fi orí gbà á. Tèmi ni.

Mọ́nsúrátù kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. "Ẹ̀yin ni? Èmi sì ń rojọ́ fún yín." Ó wọlé.

Fáànù kan wà lọ́wọ́ Ìsìmáílà. Ó dé súkúrù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kó tó gbójú sókè. Ọmọ tí a bá kọ́ dáadáa ò ní jẹ́ kí àgbà kúnlẹ̀ pẹ́, òun sì jẹ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Ó jẹ́ kí n pẹ́ níbẹ̀.

"Ẹ dìde, Màmá. Mo ti dárí jì yín. Ó ti pẹ́."

"Ọlọ́run á bù kún ọ. Ṣé kí n máa kó àwọn rọ́bọ́ọ̀tì bọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀?"

"Rárá, Màmá. Ẹ má kó wọn wá mọ́."

"Ìsìmáílà."

"N kò bínú. Orúkọ mi ni mo fi ń jẹun níbí. N kò ní èyí tí n ó tún fi tọrẹ."

Mo dìde, mo gbọn yanrìn dànù lórúnkún, mo sọdá padà sí ìsọ̀ mi. Ilẹ̀ títì yẹn kò fẹ̀, àmọ́ mo rìn ín bí ẹni ń lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Àǹtí Dábírà ní kí n sọ ọ́ fún àwọn ọmọ fúnra mi, kí wọ́n má lọ gbọ́ ọ níta. Mo sọ fún wọn pé kò sí ẹ̀mí kankan nínú rọ́bọ́ọ̀tì, pé èmi ni n kò tẹ bọ́tìnnì pupa, èmi ni mo sì jẹ́ kí wọ́n pe aláìṣẹ̀ ní olè.

Àdúràọlá nawọ́. "Màmá, ṣé ó ti dárí jì yín?"

"Ó ní òun ti dárí jì mí."

"Kí ló wá dé tí kò bá wa fi iná sí i mọ́?"

"Torí pé mo ṣẹ̀ ẹ́."

"Ṣebí ẹ ní ó ti dárí jì yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó ronú sí i, ó ní kò yé òun. Mo ní kó jókòó.

Àwọn oníbàárà ti ń padà sọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, mẹ́ta ló wọlé kí oòrùn tó mú. Tàjùdéèn wà lára wọn, rédíò ló gbé dání, kò sì ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Láti ìsọ̀ mi ni mo ti ń kà wọ́n. Kò tíì tó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.